Ogún Ọdún Tí Wọ́n Fi Kún Ikú Mulvane

Nerida Tasker fẹ́ kí èèyàn kan, ó kéré tán ẹnì kan ṣoṣo, ka ìwé Hector Mulvane kí òun tó kú. Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mulvane ló kọ ìtàn àwọn tó ń ká ápù ní àfonífojì Huon tí wọ́n bí Nerida sí, ó sì kú lọ́dún 1955 láìníyàwó, láìlọ́mọ. Ẹ̀dà díẹ̀ ló kù nínú ìwé náà, kòkòrò sì ti ń jẹ ìyẹn pàápàá.

Òfin Ọsirélíà ìgbà náà ni pé bí òǹkọ̀wé bá ti kú tó àádọ́ta ọdún, ìwé rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Nerida àti Lyall ọkọ rẹ̀ bá jókòó, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń retí ọdún 2006 kí wọ́n lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àfi bí ìjọba ṣe bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn òwò, tí wọ́n sì fi ogún ọdún lé àádọ́ta. Àwọn tó ti kú ṣáájú 1955 bọ́, torí àádọ́ta ọdún tiwọn ti pé kí òfin tuntun tó dé; Mulvane kò bọ́. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀, òkú tí kò lárólé ni wọ́n ń bá ṣọ́ ogún! Ó dun Nerida wọra.

"Ọkùnrin yìí náà ló fà á," ni Lyall wí. "Kí ló ń dúró dè ní 1954?"

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ń bí mi."

"Wọ́n ti fi ogún ọdún kún ti òkú. Ìwọ tó o wà láàyè ńkọ́, ta ló máa bá ẹ fi kún tìẹ?"

"Màá fi agídí fi kún un. Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gbogbo ọjọ́ ọdún tuntun, nínú ooru, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan á máa ka ìwé náà sókè, èkejì á máa fojú wá àṣìṣe nínú èyí tí wọ́n tẹ̀. Kọ́mà gan-an, wọ́n ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 2026, Nerida tẹ bọ́tìnnì, ìwé lọ. Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́rin ọdún, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn. Lyall gbé tíì àti kéèkì wá.

Wọn ò tíì mu tíì náà tán tí obìnrin kan fi kọ̀wé sí wọn láti ìlú Darwin, ní ìpẹ̀kun Ọsirélíà lọ́hùn-ún: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹṣin ti jí ápù ìyàwó pásítọ̀ jẹ, ọ̀rọ̀ já. Ojú ìwé kan ti sọnù. Kí ni obìnrin náà wá ṣe fún ẹṣin ọ̀hún?"

Lyall káwọ́ lérí. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá ti débẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á gbójú kúrò nínú ìwé, wọ́n á máa kà á látorí, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wò ó rí bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ìtìjú rèé!" ni Lyall ń ké. "Pẹ̀lú gbogbo ọdún tá a fi ń kà á! Wọ́n á máa fi wá ṣẹ̀sín títí dé Darwin."

Nerida ń ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà lẹ́ẹ̀kejì, omi sì ti bọ́ lójú rẹ̀.

"Lyall, ó ti ka ìwé náà débi ẹṣin."

"Mo mọ̀. Ibẹ̀ ló ti já..."

"Fi ìtìjú sílẹ̀, jàre. Ẹnì kan ti kà á débi ẹṣin, ó tún ń béèrè ohun tó kàn! Jókòó, máa pe ojú ìwé náà fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ ká dá a dúró."