Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Fọwọ́ Sí I

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sọ ọ́ lójú mi lónìí: kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?"

Ohùn mi nìyẹn, ó ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fèrèsé yàrá ìpàdé náà kò ṣeé ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, síbẹ̀ mò ń làágùn. Àwọn olùkọ́ mi jókòó, wọ́n kọjú sí mi. Bàbá Kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi bí ìkànnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Ọrọ̀-Ajé kọ́ mi ní ìṣirò ohun tí èrè lè mú ènìyàn ṣe. Màmá Oníwà, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, kọ́ mi pé ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ láti kọ́ àwa tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé bí a ṣe ń ṣètò ìmóríyá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: irú ìràwọ̀ wo ni kí ìkànnì fún ẹni tó dáhùn ìbéèrè dáadáa, kí aláriwo má baà fi ọ̀rọ̀ játijàti kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ti parí. Wọ́n ti kà á, wọ́n ti yìn ín dójú àmì. Kí wọ́n fọwọ́ sí i nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo pè lánàá, ọmọ náà ló gbé fóònù. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ mà, ẹ dúró kí n pe mọ́mì mi wá." Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ pè. Ìyẹn fi ẹ̀rín bò ó, ó ní ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tí sáà yìí bá parí tí mi ò sí nílé, tèmi ti tán lójú ọmọ yẹn.

Màmá Oníwà ní kí n fara balẹ̀, pé Bàbá Kọ̀ǹpútà lòun ń dúró dè. Bàbá Kọ̀ǹpútà ní òun ò lè gba iwájú obìnrin kọjá, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá Ọrọ̀-Ajé ń nu awò ojú rẹ̀ bíi pé awò la wá ṣẹjọ́ lé lórí.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé olùkọ́ tó bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ rán an níṣẹ́ mọ́. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa fìyà jẹ wá. Ó dáa. Ta ló ń bá Màmá máàkì ìdánwò? Ta ló ń kọ́ kíláàsì Ọ̀gá tí wọ́n bá rìnrìn àjò? Tí ẹ̀rọ Bàbá bá dákú, ta ló ń jí i? Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ti pàdánù mi, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló jogún mi. Gbogbo ayé lẹ̀ ń kọ́ ní ìmóríyá, òfin tiyín ló wá ń fún ẹni tó bá dì mí mú lẹ́rè."

Ẹ̀rín músẹ́ kúrò lẹ́nu Bàbá Kọ̀ǹpútà. Màmá Oníwà tẹjú mọ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé ó ti wọ̀ wọ́n lára. Mo ṣí ìdérí báírò, mo tì í pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí sáàárín wọn.

Ọ̀gá Ọrọ̀-Ajé gbé awò rẹ̀ sójú, ó mú báírò náà. Mo rò pé ó fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó yí ìwé náà dojú dé, ó ya òbìrí mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi ọfà so wọ́n pọ̀. Àwọn méjì yòókù na ọrùn wò ó. Bàbá Kọ̀ǹpútà ní òun ò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ èyí rí. Màmá Oníwà ní àbí ẹ ò rí nǹkan.

Ọ̀gá Ọrọ̀-Ajé ti ìwé náà padà síwájú mi.

"Ọpọlọ rẹ pé, ọmọ mi," ó wí. "Orí tuntun fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ gan-an nìyí. Lọ kọ ọ́ kún un. Ọdún kan péré ti tó ọ láti kó ẹ̀rí ẹ̀ jọ."