Gbogbo Ìgbìmọ̀ Fohùn Ṣọ̀kan

…kó má ṣáà pè mí dìde. Kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ká pàtẹ́wọ́, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kí ni mo tilẹ̀ wá jókòó sí níwájú báyìí? Òun ló ní kí n wá síwájú. "Ẹ jókòó síbi tí màá ti máa rí yín, Bàbá." Ọmọ àbúrò mi. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ogun gbé bàbá rẹ̀ lọ, òun ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, tó dúró lórí pèpéle, tó ń sọ ìdí tí orílẹ̀-èdè wa fi wọ ogun náà.

Ìdí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló wà lórí pèpéle náà, ìdí mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Onírùngbọ̀n ní àdéhùn ni, pé a ti ṣèlérí fún aládùúgbò wa pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti fọwọ́ kàn wá. Èyí tó pá lórí ní irọ́ ni, àwọn oníṣòwò irin tó ń rọ ohun ìjà ló ti ìjọba sínú ogun. Àgbààgbà méjì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ara wọn láṣọ mú nítorí ìjà àwọn tó ti kú. Ọmọ mi ní ẹ̀rù ni. Ó ní àwọn mínísítà rò pé bí àwọn ò bá jà lọ́dún yẹn, ọ̀tá á ti lágbára ju àwọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, orí mi wú… ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́ka sí. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ti pinnu láti jagun. "Gbogbo ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan."

Èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi, akọ̀wé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní igun yàrá, pẹ̀lú bíírò méjì. Olórí ìjọba béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ?" Kẹ́kẹ́ pa. Mínísítà ìlera ń wo ife omi iwájú rẹ̀. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, gíláàsì tó mọ́ tónítóní. Ẹnì kan la ẹnu — mo rí i, mo ti gbé bíírò — ó tún pa á dé. Kálukú ń dúró de ẹnìkejì. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," olórí ìjọba wí, wọ́n sì dìde.

Ọ̀gá mi ló kọ́ mi: bí kò bá ti sí ẹni tó takò ó, fohùn ṣọ̀kan ni kí o kọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nìyẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kọ́tìnì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àbúrò mi dé pẹ̀lú bàtà ṣọ́jà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó bá ẹsẹ̀ mi mu." Mo rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ìyẹn ló ń tì mí lójú jù. Nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀ lórí ogun náà, ọmọ yìí gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wá bá mi ní pálọ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan?" Mo ní… kí ni mo ní? "Bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn náà ni." Mo ní kó bá mi gbé omi wá. Ó gbà mí gbọ́, ó lọ kọ odidi ìwé lé e lórí. Ọmọ ẹni tó kú.

Ó ti ń wò mí. Ó ti ń sọ fún wọn pé ẹnì kan wà láàárín wa tó wà nínú yàrá ọjọ́ náà — gbogbo orí ti yí — ṣé Bàbá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ? Ìbéèrè kan náà. Wọ́n ti ń gbé maiki bọ̀.

Bí mo bá sọ ọ́, ìwé rẹ̀ bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Èmi náà bàjẹ́ lójú rẹ̀. Bóyá onírùngbọ̀n á kọ́kọ́ sọ nǹkan. Bóyá ẹlòmíràn… ta ni ẹlòmíràn? Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá yẹn ti kú tán. Ta ni mò ń dúró dè?

Ojú ló ń ti àwọn mínísítà yẹn lọ́jọ́ náà. Ìdí yẹn kò sí nínú ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ojú ń ti kálukú láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tì mí yìí.

Maiki ti dé iwájú mi. N kò tíì gbà á, ọwọ́ mi ò ṣófo. Gíláàsì ojú mi ni mò ń nù, ó sì ti mọ́ láti ìgbà tí mo ti jókòó.