Ìwé Kejìlélógójì

Mọ́kànlélógójì géérégé ni ìwé ìbéèrè tí Olúfúnkẹ́ ní kí wọ́n tẹ̀, nítorí iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan nìyẹn, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgàndó, lọ́dún 1992. Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ. Ibi tí oògùn olóró ti ń wọlé ló fẹ́ mọ̀, kó tó pa ọmọ mìíràn. Ó ti pa Jọkẹ́, ọmọ kíláàsì náà, ní táàmù tó kọjá, bí a bá sì ń sunkún, à á máa ríran. Àmọ́ nígbà tó kó ìwé jọ, méjìlélógójì ló kà.

Ó fi itọ́ ra ìka, ó tún un kà. Iye kan náà ni.

Ọ̀gbẹ́ni Julius ni ọ̀gá ilé-ìwé, kò sì fẹ́ wàhálà kankan lẹ́yìn aago méjì. Ó ní, "Aláwàdà kan ló kọ méjì ṣá. Ẹ fa ọ̀kan ya, jàre."

Èwo ni kó fà ya? Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tí wọ́n fi báírò aláwọ̀ ewé kọ. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Jọkẹ́ nìkan ló máa ń fi irú rẹ̀ kọ̀wé. Olúfúnkẹ́ ti bá a wí títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Níbo lo ti ń rí i? *Lẹ́yìn táǹkì omi, lábẹ́ búlọ́ọ̀kù tó sán.*

Kò ka ìyókù. Ó fa Ọ̀gbẹ́ni Julius lọ sẹ́yìn táǹkì, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù náà. Hóró oògùn pupa ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ewé ìwé wé.

Ọ̀gá pariwo, "Ta ló sọ fún yín?"

Olúfúnkẹ́ ti yíjú padà. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ka ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Ṣé o sọ fún àgbàlagbà kankan? *Mo sọ fún yín, Mà. Ẹ ní kí n máa lò ó, ara á yá.*

Ó rántí ọjọ́ kan ní táàmù tó kọjá. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú Jọkẹ́ pọ́n. "Mà, mo ń lo oògùn." Ibà gba ìlú nígbà yẹn; Olúfúnkẹ́ rò pé oògùn ibà ni, ó sì ń kánjú. "Máa lò ó dáadáa, ara á yá." Ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó mú báírò, ó kọ ìbéèrè tó yẹ kó ti bi ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn sísàlẹ̀ ìwé:

Oògùn wo ni, ọmọ mi?