Ta Ló Ta Okùn fún Ìmọ́lẹ̀?

"Ṣé o fẹ́ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ ni?" Bàbá bi ọmọ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù ni, fìlà ṣì wà lórí wọn. "Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni. Dìde níwájú àwọn ọmọ lọ́la, kí o ní, 'Ohun tí mo sọ fún yín nípa ìmọ́lẹ̀, irọ́ ni.' Ó parí. Kíláàsì rẹ á wà lọ́wọ́ rẹ."

"Bàbá, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó."

Kì í kúkú ṣe pé àga kò sí. Àga oníke méjìlélógún ló kún inú yàrá náà láti Sátidé tó kọjá. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í jókòó bí inú bá ń bí wọn, gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàbù físíìsì yunifásítì ni wọ́n wà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ wọn obìnrin yìí ti fi ń tọ́jú ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Òun ló ń nu gíláàsì, òun ló ń to ẹ̀rọ, òun ló ń dúró tì í títí iṣẹ́ á fi jáde, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá kọ orúkọ wọn sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní Bíbélì, Àǹtí Láàbù ni wọ́n sì ń pè é. Kò bímọ, kò sì fi ìyẹn dá Ọlọ́run lẹ́jọ́. Ọmọ méjìlélógún ló wà nínú kíláàsì yẹn, ó mọ ọjọ́ ìbí wọn lórí, ó mọ èyí tó ń bẹ̀rù òkùnkùn àti èyí tó ń pa irọ́ inú rírun. Bí wọ́n bá gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá, ni ọmọbìnrin alága ìgbìmọ̀ ìjọ bá nawọ́. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló tó dá oòrùn. Níbo wá ni ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní ti wá?" Olùkọ́ mìíràn ì bá ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Àǹtí Láàbù ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe rò pé ohun kékeré ni ìmọ́lẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá dín ìmọ́lẹ̀ kù títí, á ku ẹyọ, bí ẹyọ ìrẹsì. Ó ní bí a bá rán ẹyọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà, ojú kan ṣoṣo ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa balẹ̀ sí lódìkejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀, wọ́n á to ara wọn ní ìlà-ìlà, bí ẹni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ihò méjì ló wà.

"Ṣé ihò méjèèjì ló gbà kọjá ni, Àǹtí?"

"Ó ń ṣe bí ẹni tó gba méjèèjì."

Yéè! Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ọ̀rọ̀ ti dé etí alága. Alága ní ẹni tó bá lè fi kọ́ ọmọdé pé ohun kan gba ẹnu ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bó pẹ́ bó yá, á kọ́ wọn pé kò sí Ẹlẹ́dàá. Àǹtí Láàbù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n wá lóòótọ́ ní Sátidé tó kọjá, wọ́n jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Kí ni wọ́n rí? Àbàwọ́n funfun ràbàtà kan lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìlà kankan. Àwọn kan tilẹ̀ sùn lọ.

Ni ìgbìmọ̀ bá dìbò: kó sọ pé irọ́ ni, tàbí kí bàbá rẹ̀ gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Bàbá náà dìbò, nítorí àgbà ìjọ ni wọ́n. Bíríkìlà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, orúkọ tí wọ́n sì ń pè wọ́n káàkiri ni Kò-Gbọdọ̀-Wọ́. Ohun tí wọ́n máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn nìyẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

"Ìwọ gan-an," Bàbá ní, "ṣé o ti fojú rẹ rí ìlà yìí rí?"

"Mo ti rí i, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ táwọn ọmọ ti wá ni kò ti jáde mọ́. Mo ti nu gbogbo gíláàsì, mo ti tú ẹ̀rọ tò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ohun tó ṣe é."

"O ò wá rí i pé Ọlọ́run ló dí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ti ń rò ó fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ Wẹsidé, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ ọ́ jáde. Ó wo àwọn àga kéékèèké náà, omi sì lé sí i lójú.

"Ó dáa, Bàbá. Ó ti sú mi. Màá sọ pé irọ́ ni."

"Ẹ ṣeun, Olúwa." Ara tu Bàbá. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti tábìlì tí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ náà wà lórí rẹ̀ kí wọ́n lè rọra jókòó. Ṣùgbọ́n wọn ò jókòó. Wọ́n dúró sójú kan, wọ́n yí etí sí ọ̀nà ògiri.

"Kí ló ń gbọ̀n?"

"Kò sí ohun tó ń gbọ̀n, Bàbá."

"Ta lò ń sọ fún? Ọwọ́ tó ti fi àádọ́ta ọdún to búlọ́ọ̀kù rèé. Mo ní tábìlì yìí ń gbọ̀n. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri?"

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táǹkì ni. Ara ògiri ni wọ́n de páìpù rẹ̀ mọ́."

"Ta ló wá gbé tábìlì ti ògiri tó ń gbọ̀n?"

Àǹtí Láàbù la ẹnu láti dáhùn, ó sì fọwọ́ bò ó. Òun ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sún un kúrò láàárín yàrá ní Furaidé, ọjọ́ kan kí àwọn ọmọ tó wá, kí àga wọn lè gbà; gbígbọ̀n ògiri ló sì ń da ìlà rú. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́! Ó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà bí wọ́n bá sáré nínú láàbù nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àfi bí ìfẹ́ àwọn ọmọ ṣe fọ́ òun náà lójú.

"Mo gbé, Bàbá! Èmi ni!"

"O kú iṣẹ́. Di ẹsẹ̀ tábìlì yẹn mú."

Ká sọ òótọ́, kò yẹ kí Bàbá bá a gbé e. Ohun tí wọ́n bá wá ti parí, wọ́n ti rí gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè rí ohun tó wọ́ kó fi í sílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n sún tábìlì náà padà sáàárín, wọ́n fi rọ́bà sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàbá sì tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà pé ó dúró.

Àǹtí Láàbù fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Ó tan iná tí agbára rẹ̀ ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Lójú kọ̀ǹpútà, òkùnkùn ni. Àmì kékeré kan yọ, tó! Ó ṣe díẹ̀, òmíràn yọ lápá òsì. Òmíràn yọ lókè.

"Kí nìyẹn?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, Bàbá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà níwájú á ti dé kí èyí tó ń bọ̀ tó gbéra."

"Wọn ò rí ara wọn?"

"Wọn ò pàdé rárá."

Bàbá fa àga ọmọdé kan, wọ́n jókòó tipátipá, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Fún bí ìdajì wákàtí, ó kàn ń balẹ̀ wúrúwúrú ni, bí ìgbà tí èèyàn ń fọ́n iyọ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bíríkìlà tó ń mutí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí," wọ́n ní. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ibì kan ń kún, ibi tó tẹ̀ lé e ṣófo. Ibòmíràn ń kún, ibi tó tẹ̀ lé e tún ṣófo. Ìlà kan, ìlà méjì, ìlà márùn-ún. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò.

"Ta ló ta okùn fún wọn tí ìlà fi tọ́ báyìí?"

Àǹtí Láàbù tẹjú mọ́ àwọn ìlà náà. Orí rẹ̀ ń wú. Kò sí ìgbà tó rí i tí ẹ̀rù kì í bà á, ẹ̀rù náà a sì máa dùn mọ́ ọn.

"Mò ń bi ọ́ léèrè. Bí mo bá pe ẹgbẹ̀rún bíríkìlà," Bàbá ní, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, "kí ọ̀kan wá lónìí, kó gbé búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, kó máa lọ. Kí òmíràn wá lọ́la. Kò sí okùn, kò sí ọ̀gá, ẹnì kan ò rí ẹnì kejì. Kí n wá dé lọ́jọ́ ìkẹyìn kí n bá ògiri tó tọ́! Ihò wo gan-an ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbà? Ṣọ́ ọ ká mọ̀."

"Bí a bá fi àmì sí ihò kọ̀ọ̀kan ká lè mọ èyí tó gbà, ìlà á pòórá."

"Rárá o!"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Ó ki gíláàsì kékeré méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi àmì tirẹ̀ sára ẹyọ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, bọ ẹnu ihò náà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró. Ẹyọ ń balẹ̀, ẹyọ ń balẹ̀, ìlà kò yọ. Àbàwọ́n ràbàtà ni. Ó yọ gíláàsì kúrò, ó tún un bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà náà sì padà wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n, kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ nínú wọn.

"Kábíyèsí," Bàbá ní. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyẹn ni pé èyí fi hàn pé Ọlọ́run wà?"

Ì bá rọrùn fún un láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, alága á yọ̀, kíláàsì á wà.

"Rárá, Bàbá. Mi ò ní tàn yín. Kò fi hàn pé Ó wà, kò sì fi hàn pé kò sí. Èmi gbà pé Ó wà kí n tó rí i. Ohun tó fi hàn mí ni pé ayé tí Ó dá jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ."

"Àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́? Wọ́n á mọ bó ṣe ń ṣe é."

"Wọ́n lè ṣírò ibi tí ìlà máa wà, kò sì ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹyọ kan ń ṣe láàárín ihò àti ibi tó balẹ̀ sí, wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán."

"Alága sọ fún wa pé ò ń kọ́ àwọn ọmọ pé ẹ ti mọ ohun gbogbo."

"Èmi? Ohun tí a ò mọ̀ ni mò ń kọ́ wọn, Bàbá!"

Bàbá tún wo àwọn ìlà náà. "Láti kékeré ni mo ti ń kà á pé Ó pàṣẹ, ìmọ́lẹ̀ sì wà. Mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀ ni, kí n lè dé ibi ẹranko àti èèyàn. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí Ó dá." Wọ́n dìde, eegun wọn ń dún, wọ́n sì dé fìlà. "Ohun tí o máa sọ lọ́la, ọwọ́ rẹ ló wà. Mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ péjọ, ìgbìmọ̀ sì jókòó sẹ́bàá ògiri. Àǹtí Láàbù dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣe àṣìṣe, ẹ foríjì mí. Mo sún tábìlì ti ògiri tó ń gbọ̀n nítorí yín, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa ìmọ́lẹ̀, òótọ́ ni. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni."

"Ó tó," alága ní. "Ìwọ lo yàn án bẹ́ẹ̀. Gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ fún Bàbá."

Ó gbé e fún wọn. Ó ti ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Ọmọbìnrin alága náà ti bú sẹ́kún.

Bàbá gba ìwé náà, wọ́n lọ síwájú. "Alága, ṣé lóòótọ́ ni pé èmi ni mo ni kíláàsì yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i."

"Bí mo bá ṣe fẹ́ kọ́ ọ náà ni màá kọ́ ọ?"

"Ta ni yóò kọ́ ẹ̀yin níṣẹ́, Bàbá?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ. "Èmi náà wà lára àwọn tó dìbò pé irọ́ ni àǹtí yín pa. Mo dìbò lórí ohun tí mi ò rí. Lánàá, mo rí i. Ọlọ́run tí mò ń sìn kò rán mi ní irọ́, mi ò sì ní pa á nítorí Rẹ̀. Kíláàsì mi ni, ìgbìmọ̀ ló fún mi. Àǹtí yín ni mo yàn láti máa kọ́ ọ. Èmi á máa jókòó sẹ́yìn bíi tiyín."

"Bàbá!" alága pariwo. "Ẹ ti mú mi o!" Ó wo àwọn ìgbìmọ̀ yòókù, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Alága rọra padà jókòó.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti nawọ́ sókè. "Bàbá àgbà, kí lẹ rí gan-an?"

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tó fẹ́ to nǹkan lé nǹkan. Omi wá sójú wọn.

"Ẹ bi àǹtí yín," wọ́n ní, wọ́n sì lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ.

Àǹtí Láàbù nu ojú, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sára pátákó.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún yín," ó ní.