Góòlù Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ó tún ti dákẹ́. Ọkọ mi, lórí rédíò, láàárín eré bọ́ọ̀lù, ó dákẹ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì ìránṣọ. Àbí àyà ló ń dùn ún? Àbí... rárá, ohùn rẹ̀ ti padà. “Agbábọ́ọ̀lù wa tí... tí góòlù rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.” Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ́ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Góòlù tó ń bọ̀ lọ́nà. Ta ló rán an níṣẹ́?

Ọ̀gá wọn mà ti kìlọ̀. “Tí o bá tún kólòlò lónìí, ẹlòmíràn ni mo máa gbé máíkì fún.” Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi láàárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló ń kólòlò? Ọkùnrin tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì bá ilẹ̀kùn jà kí ilẹ̀kùn bẹ̀bẹ̀!

Onígbàjámọ̀ ìsọ̀ kejì ti yọrí wọlé. “Ìyàwó wa, ẹ bá wa ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọkọ yín o!” Mo ní kó lọ fi abẹ dín ètè rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ló ń sọnù? Agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà... kí ni àwọn yòókù ń pè é? Ẹnìkejì ọkọ mi tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí eré, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ọ̀bẹ, ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń pè é ní...

Àgàn. Gẹ̀ẹ́sì àgàn ni. Ọkùnrin onírùngbọ̀n, ọlọ́mọ mẹ́rin — àgàn!

Gẹ̀ẹ́sì ò mà wojú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí kò hu koríko, àgàn. Ògiri tí kò ní àwòrán, àgàn. Ìpàdé tí ẹnu ò kò, àgàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan èmi tí mo jókòó níwájú dókítà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fa ọ̀rọ̀ kan jáde tó gùn bíi rélùwéè. Nọ́ọ̀sì ń to bébà tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Èmi ò bínú sí ọ̀rọ̀ àgàn náà. Àbí mo bínú? Ọjọ́ kan... ó ti pẹ́... à ń jẹun, rédíò ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà já bọ́. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ mi. Ṣíbí lásán. Ọkọ mi bèèrè bóyá iyọ̀ ló pọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ mi ò tilẹ̀ rántí fi iyọ̀ sí —

Háà.

Ó rí ṣíbí. Ẹni tí kì í rí ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó rí ṣíbí! Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Gbogbo ìlú ń gbọ́, onígbàjámọ̀ ń fi ṣẹ̀sín, máíkì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí obìnrin kan tó jókòó ti maṣíìnì. Ọ̀mùgọ̀. Olówó orí mi, ọ̀mùgọ̀ mi.

Wọ́n tún ti gbé bọ́ọ̀lù fún ọlọ́mọ mẹ́rin. Ó gbá a... ó gba ojú ọ̀run lọ. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Sọ ọ́, jọ̀ọ́. Sọ ọ́, kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti gbé ṣíbí sílẹ̀ tipẹ́.

Ó dákẹ́.

Mo na ọwọ́, mo yí rédíò sókè, kí onígbàjámọ̀ lè gbọ́ ìdákẹ́ náà dáadáa.