Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Rọ̀

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Télọ̀ tí mò ń wí yìí lẹ́ran dáadáa. Owú rẹ̀ ló kàn sanra jù ú lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì pẹ́ díẹ̀, ọ̀ràn dé. Ọkọ ọ̀hún sì rèé, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣe ìwádìí. Ohun tó ń wádìí gan-an, Télọ̀ ò bi í rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Télọ̀ ń fọwọ́ ran etí búláòsì ní pálọ̀, ó ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ lórí fóònù ní kọ́rídọ̀.

"Ó ti dé, mà. Há, ara ẹ̀ rọ̀! Kì í dúró sójú kan, bó ṣe ń yí síbìí ló ń yí sọ́hùn-ún. Ẹ kàn tọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ara ẹ̀ lá dáhùn." Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Télọ̀ ti gbàgbé pé ó ní. "Rárá o, mà, kò gbọdọ̀ rí ooru. Yàrá tó tutù ni mo fi í sí. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, èmi àtòun la jọ máa wà."

Abẹ́rẹ́ gún Télọ̀ lọ́wọ́, kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wò ó, èdè wa yìí náà máa ń tanni jẹ. "Ó" là ń pe ọkùnrin, "ó" là ń pe obìnrin, àga tí mo jókòó lé, "ó" náà ni. Àmọ́ Télọ̀ ò dúró ro ti àga. Ohun tó rò ni pé ọkọ òun ò pè é ní "wọn", nítorí náà ọmọdé ni. Ó tún gbọ́ "mà": alárinà wọn nìyẹn, àgbàlagbà aláìnítìjú! Èyí tó wá dùn ún dé egungun ni ti yàrá tó tutù. Òun ń fi páálí fẹ́ra nínú ooru, ẹnì kan wà níbì kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù kẹ́!

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Má pariwo," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Tẹ̀ lé e, kí o ká wọn mọ́bẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá fi lè fojú kàn án, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa kẹ́rù wá. Ilé ọkọ ti tán nìyẹn."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ gáùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó ju sísọ́ọ̀sì ńlá sínú báàgì, torí bí ọmọ náà bá dé wíìgì, kò ní rí i dé mọ́. Ó tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn dé láàbù tó ti ń ṣe ìwádìí. Kọ́rídọ̀ ibẹ̀ gùn, ó ń run sípíríìtì. Ilẹ̀kùn tó wà lópin ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì gbóhùn ọkọ rẹ̀: "Dáhùn, jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé o wà ńbẹ̀."

Télọ̀ yọ sísọ́ọ̀sì, ó já wọlé.

"Dúró ńbẹ̀!" Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù funfun dì í lápá mú. "Irin lo mú wá síbí? Ṣé o ò rí ìlà pupa tó wà nílẹ̀ ni? Mágínẹ́ẹ̀tì á já a gbà lọ́wọ́ ẹ, á sì gún ẹni tó bá pàdé lọ́nà!"

"Ẹ̀yin ni alárinà!" Télọ̀ figbe ta. "Ẹ mú un jáde! Ẹni tí ara ẹ̀ rọ̀, tí kì í dúró sójú kan, ẹ mú un jáde kí n gé irun ẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ dúró gbagidi nídìí kọ̀ǹpútà. Ìyá náà, Màmá Purofẹ́sọ̀, ọ̀gá ọkọ rẹ̀ ni. Ó wo ìyàwó, ó wo ọkọ, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ẹ́ pa á. Ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tí kò ju bíírò lọ. Nǹkan tó dà bí omi ló wà nínú ẹ̀.

"Ọmọ mi, òun nìyí, ìyókù ẹ̀ wà nínú mágínẹ́ẹ̀tì yẹn. Purotéènì ni. Ó yá, gé irun ẹ̀."

Ni ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní inú ara gbogbo wa ni irú rẹ̀ wà. Ó ní ọ̀pọ̀ purotéènì a máa ká jọ sójú kan, ṣùgbọ́n èyí ò ní ìrísí kan pàtó. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti pààrọ̀ ìrísí àìmọye ìgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sínú mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á fi ìgbì bíi ti rédíò tọ́ ọ, tí wọ́n á sì máa retí èsì.

"Ibi tó bá rọ̀ lára ẹ̀ á dáhùn ketekete. Ibi tó bá le, ohùn ẹ̀ á rọlẹ̀, èèyàn ò ní fẹ́ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Wò ó! Wo bó ṣe ń jó!"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ara tù ú, ẹ má jẹ́ n parọ́. Àmọ́ ìtura náà ò pẹ́. Ó rí i pé láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń wò, kò wo òun lẹ́ẹ̀kan. Owú sì tún gbé e, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìbá ṣe obìnrin ni, ìbá sàn," ló wí. "Obìnrin á darúgbó. Obìnrin á bínú, á lọ. Kí lèmi fẹ́ fi èyí ṣe? Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá yín ló dúró yìí. Ẹ sọ fún wọn: èmi ńkọ́? Báwo ni tèmi ṣe rí?"

Ọkọ rẹ̀ ronú, tọkàntọkàn ló sì fi ronú. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Tiẹ̀ dáa, mà, a dúpẹ́," ló wí. "Ara ẹ̀ le."

Màmá Purofẹ́sọ̀ fọwọ́ bo ojú.

Kílẹ̀ tó ṣú, ẹrù Télọ̀ ti wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì ń bi wá títí dòní: ta ló ń sọ pé ara ìyàwó òun le, tí ìyàwó á bínú?