Àdúrà Kí A Tó Gbé Ọ̀pá

Inú ti ń bí Bairbre kí ó tó fi àjẹ̀ kan omi rárá.

Níbi tí òun àti bàbá rẹ̀, Taimín, ti ń mu tíì láàárọ̀ ni bàbá ti sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. "Coilín àbúrò rẹ ni kó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lónìí."

Létí adágún Doire, kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí eṣinṣin oṣù Karùn-ún bá yọ lójú omi, ọmọ tí bàbá bá ní kó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa jogún ọkọ̀ náà. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ará àdúgbò á dúró ní èbúté, wọ́n á fojú rí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bairbre ti ń fi ọkọ̀ yẹn gbé bàbá rẹ̀ kiri lórí omi. Láti ìgbà tí ìbàdí bàbá ti bàjẹ́, òun ló ń gbé e wọnú ọkọ̀, òun ló ń gbé e jáde. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àjẹ̀ méjèèjì, ní ìgbà òtútù tí Coilín kọ lẹ́tà láti Boston pé òun kò ní lè wá síbi ìsìnkú ìyá wọn. Coilín àbúrò rẹ̀ náà nìyí, tó dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú bàtà funfun.

Afẹ́fẹ́ ń já bọ̀ láti orí òkè, ó ń na omi dúdú náà bí ẹni ń na ẹran olè. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni apẹja Doire máa ń tọrọ. Wọ́n á fi eṣinṣin méjì kọ́ ìwọ̀ láàyè, wọ́n á na ọ̀pá gígùn sókè, afẹ́fẹ́ á gbé okùn sílíìkì lọ bí òwú aláǹtakùn, eṣinṣin á sì máa jó lórí ìgbì. Bí ẹja tíráùtì bá gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ọ̀pá. Àdúrà ló kọ́kọ́ kàn: Ọlọ́run tó dá omi, dá wa sí di ọdún tó ń bọ̀. Kí àdúrà tó parí, ẹja á ti dorí kodò, á ti gbé ìwọ̀ mì dáadáa. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń gbé ọ̀pá.

Coilín jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, Bairbre ń tukọ̀. Ẹja àkọ́kọ́ gbé eṣinṣin Coilín. Ó fa ọ̀pá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwọ̀ fò sókè lófìfo.

"Àdúrà ńkọ́?" Bairbre bi í.

"Mo gbà á sínú."

"Inú rẹ mà kúrú o."

Ẹja kejì wá, ó tún fà á, ìyẹn náà lọ.

"Ẹja ibí yìí ti ya òpè," Coilín wí.

"Ẹja kọ́ ló ya òpè."

Ó yíjú sí i. "Láti àárọ̀ lo ti ń fi ojú burúkú wò mí, Bairbre. Èmi kọ́ ni mo ní kí Bàbá fún mi lọ́kọ̀."

"O ò sì ní kí wọ́n má fún ọ."

"Fọkàn balẹ̀. Kò tiẹ̀ ní pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti bá àwọn onílé ìtura kan létí adágún sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e sí iwájú ọgbà wọn, kí wọ́n gbin òdòdó sínú rẹ̀."

"Òdòdó."

"Wọ́n máa kùn ún ní búlúù. Á rẹwà."

Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹnu ńlá kan là nínú ìgbì, tó sì gbé eṣinṣin Bairbre. Ọ̀pá tó fi itan tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mì. Ó gbá a mú. Ìbínú dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó fà á, kó fà á já. Ó tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà náà láàárín eyín, bí ẹni ń ju òkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run tó dá omi. Dá wa sí. Di ọdún tó ń bọ̀.

Ó gbé ọ̀pá. Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ.

Coilín dìde láti mú àwọ̀n. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi bù wọlé.

"Jókòó."

"Mo fẹ́ bá ọ—"

"Jókòó, kí n tó fi àjẹ̀ bá ọ jókòó."

Ó jókòó sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, tòun ti bàtà funfun. Bairbre nìkan ló gbé ẹja náà wọlé.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Taimín wà lórí ògiri èbúté, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ láàárín orúnkún. "Ta ló pa á?"

Bairbre gbé ẹja náà lé e lẹ́sẹ̀. "Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó fẹ́ gbìn sínú ọkọ̀ yín." Ó yọ àjẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé èjìká. "Ọkọ̀ lẹ fún un. Èmi ni mo gbẹ́ àjẹ̀."

Ó gun òkè lọ sílé, afẹ́fẹ́ ń tì í sẹ́yìn. Ẹnì kan pè é. Kò wẹ̀yìn. Ó fi àjẹ̀ ti ògiri, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ lójú ọ̀nà: kọ́, kọ́, ìdákẹ́jẹ́, kọ́. Láti Kérésìmesì, bàbá rẹ̀ kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yẹn.

"Bairbre." Ó ń mí gúlegúle. "Coilín ti sọ ọ́ fún mi."

Bairbre kò ṣí ilẹ̀kùn.

"Mo rò pé tí mo bá fún un lọ́kọ̀, kò ní padà lọ mọ́." Afẹ́fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Mo yára gbé ọ̀pá."

"Ẹja ti lọ, Bàbá."

"Mo mọ̀."

Nǹkan kan ha ilẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni, ti àgádágodo tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Òwú pupa tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Ó dá a dúró. Inú ṣì ń bí i, kò tíì dín rárá. Ó dúró lókè kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń kà á, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Lóde, bàbá tó kọ́ ọ ní àdúrà náà ń dúró.

Nígbà tó parí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà.